Fàáwálé, Obìnrin Tó Fa Ìyá Mi-Ò-Gbà Wọ Èbúté

Tí ẹ bá dé àdúgbò àwọn afàkọ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ẹ máa rìn títí bàtà á fi jẹ. Ẹ kàn ní, "Fàáwálé dà?" Kíá, ẹni tó ń gẹrun á fi abẹ júwe, ẹni tó ń jó irin á fi ẹsẹ̀ júwe, àní ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ fún níta á gbàgbé ọṣẹ tó wà lójú ẹ̀, á máa nàka.

Iṣẹ́ ẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé. Tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan bá kú sínú òfuurufú lọ́hùn-ún, níbi tí ìràwọ̀ pọ̀ sí ṣùgbọ́n tí kò séèyàn, Fàáwálé á wa ọkọ̀ kékeré ẹ̀ lọ, á so okùn irin mọ́ ọn nímú, á sì fà á wálé. Ó tán. Ẹ lọ gbìyànjú ẹ̀ wò, kí ẹ wá padà wá bá wa sọ̀rọ̀.

Irin ni ìlú náà látòkè délẹ̀, ó léfòó sínú òkùnkùn bí ìkòkò tó bọ́ sódò tó kọ̀ tí kò rì. Òpópónà ẹ̀ tóóró. Páìpù omi gba òkè orí kọjá, aṣọ tí wọ́n sá wà lórí páìpù, omi aṣọ á sì máa kán sí ẹ lọ́rùn bó o ṣe ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ìkángun òpópónà yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ńlá èbúté, ni ṣọ́ọ̀bù Fàáwálé wà. Sípánà wà lára ògiri, láti orí èyí tó tó ìka dé orí èyí tó tó itan. Kẹ́tùlù tí ìdí ẹ̀ ti jó dúdú wà níbẹ̀, àti àga kan tí kò lẹ́yìn mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí àfi òun.

Obìnrin kúkúrú ni, apá ẹ̀ ki pọ́pọ́, ohùn ẹ̀ sì dà bí ti ẹni tó ti ń bá ẹ́ńjìnnì jà láti kékeré. Tó bá rẹ́rìn-ín, sípánà á máa mì lára ògiri.

Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá yìí náà ló sì ṣe òfin okùn. Kí wọ́n tó bí Fàáwálé, bàbá fa ọkọ̀ kan wálé, ó ń kọrin bọ̀ lójú ọ̀nà, inú ẹ̀ ń dùn. Ìgbà tí wọ́n ṣí ọkọ̀ tó fà, òkú ló wà nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti tán mọ́ wọn nínú, wọ́n ti dákẹ́, òun ò sì mọ̀. Bàbá ò lè jẹun dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tó máa la ẹnu, ó ní láti òní lọ, ẹni tí wọ́n ń fà gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ títí á fi gúnlẹ̀, ẹni tó ń fà á gbọ́dọ̀ máa dá a lóhùn, gbogbo èbúté sì gbọ́dọ̀ máa gbọ́ wọn. Tí ọ̀rọ̀ bá dá, ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣàkíyèsí á figbe ta.

Ìdí nìyẹn tí àpótí rédíò kékeré fi wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù àti gbogbo ilé ìdáná ìlú yẹn. Tí okùn bá ti le báyìí, àpótí á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, tí èèyàn bá sì figbe ta sínú ẹ̀, á dé inú ọkọ̀. Ohùn yòówù tó bá wọnú ọkọ̀ afàkọ̀ lásìkò yẹn, ì báà jẹ́ láti ọ́fíìsì tó ga jù lọ, gbangba ló ń bọ́ sí. Torí ẹ̀ ni pé tó o bá pe afàkọ̀ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni "Mo ń fà o." Ìyẹn túmọ̀ sí pé: gbogbo ìlú ń gbọ́ wa, ṣọ́ ẹnu ẹ.

Ọmọ méjì ni bàbá bí. Fàáwálé gba ọkọ̀. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, tí ìyá wọn máa ń tẹ́ ẹní fún lábẹ́ tábìlì àpótí torí kì í sùn àfi tó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ okùn, òun gba ọ́fíìsì lọ. Ó di ọmọ ọwọ́ Olórí Ìgbìmọ̀ tó ń darí ìlú lókè, níbi tí òróró kì í ti í kan èèyàn lára. Kóòtù ló ń wọ̀ ṣáá. Ooru ò mú un rí. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá sọ ọ́ ní Kóòtù, orúkọ yẹn sì mọ́ ọn lórí.

Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ pé Olórí Ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó sórí àga olórí títí tó fi máa kú. Ìgbìmọ̀ ní láti dìbò sí i. Àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tí kò fẹ́ ẹ dọ́gba rẹ́gí, ó wá ku ẹnì kan: màmá àgbà kan tó ń ṣojú àwọn tó ń wa òkúta lọ́nà jíjìn. Ìyá Mi-Ò-Gbà ni wọ́n ń pè é. Láti ọjọ́ tó ti wọ Ìgbìmọ̀, kò tíì na ọwọ́ sókè fún ohunkóhun. Wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ pàápàá, "mi ò gbà" ló kọ́kọ́ sọ. Ọkọ ẹ̀ rò pé eré ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tí wọ́n máa dìbò ni Kóòtù dédé yọ sílé ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tí àga fẹ́ bù jẹ. Ọmọbìnrin Fàáwálé, tó ń bójú tó ẹ́ńjìnnì ìyá ẹ̀, gbé tíì fún un, ó ní:

"Bọ̀dá Kóòtù, ẹ farabalẹ̀ jókòó jọ̀ọ́. Mo ti nu òróró ibẹ̀. Díẹ̀ ló kù."

Kóòtù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù fún yín. Ẹ sinmi lọ́la."

"Kí ló ṣe mí?"

"Kò ṣe yín ní nǹkan kan. Olórí ló ń ro tiyín. Ọkọ̀ tuntun ń bọ̀ fún yín, tuntun gbáko. Àga inú ẹ̀ ń yí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àga tó ń yí! Kí òòyì lè máa kọ́ mi?"

Tíì gba imú ọmọbìnrin ẹ̀ jáde.

"Lọ́la nìkan ni," ni Kóòtù wí. "Tí ẹnikẹ́ni bá pè, ẹ ní ẹ́ńjìnnì yín ò dáa."

Fàáwálé gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló máa pè mí lọ́la?"

Kóòtù tẹjú mọ́ bàtà ara ẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Mu tíì ẹ, kó má tutù." Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Ṣùgbọ́n bí kóòtù yẹn ṣe yí kọ́nà báyìí, ó kọjú sí ọmọ ẹ̀: "Lọ rọ epo kún ọkọ̀. Kó kún dé ẹnu."

Ilẹ̀ mọ́, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ni ìpè wọlé. Ohùn àgbà ni, ohùn náà sì ń bínú: "Ẹ́ńjìnnì mi ti kú! Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ náà ti ń ṣe ségesège. Ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni àbí ẹ̀yin náà ti kú?"

Ìyá Mi-Ò-Gbà nìyẹn, ó wà lọ́nà tó ń bọ̀ wá dìbò. Ọmọbìnrin wo ìyá ẹ̀. "Màámi, àwọn Olórí máa gba ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ wa o. Ọkọ̀ bàbá àgbà."

"Tí wọ́n bá gbà á, a ó máa fi ẹsẹ̀ rìn. Wọlé."

Wọ́n jáde. Bí wọ́n ṣe jáde tán ni àṣẹ Olórí dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn èbúté: tilẹ̀kùn, má sì ṣí i fún ọkọ̀ kankan títí ìbò á fi parí. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó fa àpótí rédíò ẹ̀ mọ́ra, ó dijú.

Nínú òkùnkùn lọ́hùn-ún, wọ́n so okùn. Okùn le. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ káàkiri ìlú, abẹ dúró lórí ẹni tí wọ́n ń gẹrun fún, ẹni tó ń jó irin paná.

"Ìyá, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀ o," ni Fàáwálé wí. "Ẹ ò gbọdọ̀ dákẹ́."

"Ta ló fẹ́ dákẹ́? Irú ìwakúwà wo lo ń wa ọkọ̀ báyìí? Ṣé o jí i ni?"

"Ọkọ̀ bàbá mi ni, Ìyá."

"Kí bàbá ẹ wá gbà á lọ́wọ́ ẹ!"

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo òpópónà. Màmá yìí bú ọkọ̀, ó bú okùn, ó bú Olórí Ìgbìmọ̀, ó bú ọkọ ẹ̀ tó ti kú látọjọ́. Fàáwálé ń dá a lóhùn, ó ń tọ́ ọ níjà kó lè máa bú òun lọ. Àmọ́ nígbà tó yá, èébú bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Màmá á sọ ọ̀rọ̀ kan, á mí, á tún sọ òmíràn. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàárín ìlú ò rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan tó ń fọṣọ jókòó sórí aṣọ tútù, kò mọ̀.

Ìgbà yẹn ni ìpè míì já wọnú ọkọ̀, láti ọ́fíìsì Olórí.

"Mo ń fà o," ni Fàáwálé wí. Ó sọ ọ́ ketekete, bí bàbá wọn ṣe kọ́ wọn.

Ọmọ tó sùn lábẹ́ àpótí dàgbà ló wà lẹ́yìn ohùn yẹn o. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní títì, jìnnìjìnnì sì ti bò ó. Kò rántí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tú okùn yẹn! Ẹ fi màmá yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n ba ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́, Olórí ló rán mi. Kó kàn pẹ́ lọ́nà ni a fẹ́. Tá a bá ti dìbò tán, a ó ránṣẹ́ lọ gbé e. Tí ẹ bá fà á débí, mo gbé!"

"Mo ní mo ń fà o." Àbúrò ẹ̀ ni. Fàáwálé kàn tún kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kejì ni, bóyá á yé e.

"Mo mọ̀ pé ẹ ń fà á! Kí ẹ tú u ni mò ń sọ!"

Ohùn kan tó ti rẹ̀ dá sí i láti ìdí okùn. "Ìwọ ọmọ yìí... afẹ́fẹ́ ti ń tán níbí o. Èmi náà... ń gbọ́ ẹ."

Gbogbo ìlú gbọ́ bí àga ṣe ṣubú nínú ọ́fíìsì yẹn. Lẹ́yìn náà, ohùn Kóòtù wálẹ̀, ó kéré bíi ti ọmọ abẹ́ tábìlì: "Afẹ́fẹ́? Wọ́n ní afẹ́fẹ́ máa tó o. Ẹ̀gbọ́n mi... ẹ tètè máa bọ̀. Ẹ má tú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa bọ̀."

"Pa ohùn ẹ pọ̀ kí n ráyè fà," ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wí. "Ìyá! Ẹ bú mi!"

Kò sí ìdáhùn.

"Ìyá! Bàbá mi ò mọ ọkọ̀ wà!"

Àpótí dákẹ́. Gbogbo ìlú bá figbe ta, bí òfin ṣe wí: ọmọdé, àgbà, ẹni tó gẹrun dé ìdajì. Igbe yẹn gba àpótí kọjá, ó gba okùn lọ. Ohùn tíńtín kan wá dáhùn: "Ta... ni gbogbo ariwo yìí? Olóríburúkú gbogbo."

Ẹnikẹ́ni ò tíì dúpẹ́ èébú tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin Fàáwálé ti wọ inú ẹ́ńjìnnì tọrùn tọrùn, ó ń fún un ní gbogbo epo tó wà. Ọkọ̀ arúgbó yẹn ń ké bí ẹran, ó sì ń fà. Ìgbà tí wọ́n yọ sí èbúté, ẹnì kankan ò rán Bàbá Kọ́kọ́rọ́ níṣẹ́ mọ́. Ó ti dìde. Ó tẹ́wọ́ gbalasa lé bọ́tìnnì tí wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn, ó ní, "Kí Olórí fúnra ẹ̀ wá tì í."

Ilẹ̀kùn ṣí.

Wọ́n gbé Ìyá Mi-Ò-Gbà jáde, ó mí kanlẹ̀, ó béèrè ẹni tó fa òun. Wọ́n fi Fàáwálé hàn án, òróró dé etí. Màmá wò ó látòkè délẹ̀. Ó ní, "O ò mọ ọkọ̀ wà rárá." Ó wá gbá ọwọ́ ẹ̀ mú, ó gbé e sókè, tọwọ́ tiẹ̀ tọwọ́ Fàáwálé, ó gbé e títí kò fi lè lọ sókè mọ́. Obìnrin tí kò na ọwọ́ sókè fún ohunkóhun rí! Ariwo tó sọ lọ́jọ́ yẹn, aṣọ já bọ́ lórí páìpù.

Nínú ilé Ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ ò pẹ́. "Mi ò gbà," ni Ìyá wí. Olórí ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí wọ́n tó ka ìbò tán.

Kóòtù ò sá. Ó dìde níwájú Ìgbìmọ̀, ó tún gbogbo ẹ̀ sọ, kò yọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un, ó jìyà ẹ̀ tán pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ìta ṣọ́ọ̀bù ló wá dúró sí, kò lè wọlé. Kò sí kóòtù lọ́rùn ẹ̀.

Fàáwálé ò kúrò lórí àga ẹ̀. "Ṣé wọ́n ń fi ẹ́ ṣe ère síbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Má sọ nǹkan kan. Okùn ò tíì le." Ó ju ìbọ̀wọ́ olóròóró sí i láyà. "Di orí okùn yẹn mú, ọkọ̀ kan ti kú sọ́hùn-ún. Tá a bá débẹ̀, ìwọ lo máa sọ ọ́."

Wọ́n jáde. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun yí ohùn àpótí wọn sókè. Okùn le. Ohùn ọkùnrin kan, tó gbẹ díẹ̀, tó sì tún dúró ṣinṣin, sọ káàkiri òpópónà pé:

"Mo ń fà o."