Jíìpù Bàbá Mi Tí Wọ́n Sọ Ní Ókùdíẹ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fa jíìpù náà wọ àgbàlá wa ní Ìkọ̀yà, òórùn epo pupa tí Ìyá mi ń sè lẹ́yìn ilé ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò pẹ́ tí òórùn mìíràn fi bò ó mọ́lẹ̀, òórùn irin tó ti dípẹtà, gírísì àtijọ́ àti ìgbẹ́ adìẹ. N kò bù mọ́ ọn o. Adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀ níbi tí wọ́n pa á tì sí nínú ọgbà ọ̀pẹ kan, koríko sì ti hù níbi tó yẹ kí ìjókòó wà. Katakata ló fà á wá. Gbogbo ọmọ àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé e bí ẹni pé gómìnà ló ń bọ̀, èmi ni mo sì wà níwájú wọn, mò ń juwọ́ sí èèyàn lọ́tùn-ún lósì. Pátá nìkan ni mo wọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà nígbà yẹn ẹ ó rántí pé jíìpù kì í ṣe mọ́tò lásán lójú wa. Ẹni tó bá ní jíìpù, ó parí, ó ti dé ibi tó ń lọ láyé. Àmọ́ tiwa kò ní ilẹ̀kùn, kò ní òrùlé, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn ibi tí dírẹ́bà ń jókòó àfi egungun irin. Nǹkan kan ló ní tó gba Bàbá mi lọ́kàn: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà pọ̀, tiwájú tẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ò lè tètè dá a dúró.

Ẹrẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀tá wa. Oko ọ̀pẹ wa wà ní ìkọjá odò kékeré kan, ọ̀nà ibẹ̀ sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí mọ́tò kan tó ń gbà á nígbà òjò. Orí Ìyá mi ni mọ́tò wa. Ní òjò ọdún tó ṣáájú, ó yọ̀ ṣubú pẹ̀lú agbọ̀n ẹyìn lórí, ìbàdí rẹ̀ kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti gbálẹ̀, ó ní láti di ògiri mú kó tó lè nàró. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa, Bàbá mi dìde pẹ̀lú sùtánà rẹ̀ láìwọ bàtà, ó sì sọ níwájú gbogbo ìjọ pé, "Lágbára Ọlọ́run, Ìyá Tọ́pẹ́ ò ní í fi orí ru ẹyìn mọ́ lójò tó ń bọ̀." Èmi ni Tọ́pẹ́. Ìjọ ké halelúyà. Ìyá mi kò ké halelúyà kankan, ńṣe ló wò ó bó ṣe máa ń wo ẹlẹ́ja tó bá dá iye àkọ́kọ́ lé ẹja.

Owó kò sí. Tí a bá ta epo, Bàbá á gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa, á sì padà dé pẹ̀lú irin kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé. Ara ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú ni wọ́n ti yọ sítíárìn, ó sì tóbi débi pé tí Bàbá bá jókòó sídìí rẹ̀, ẹ ó rò pé ó ń dì mọ́ ẹnì kan ni. Ọṣẹ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi dí ojú ibi tí táńkì epo ti ń jò. Mẹkáníìkì tó ń wá láti Òkìtìpupa sì rèé, iṣẹ́ tó ń ṣe kò tó pupuru tó ń jẹ. Ẹni tó bá ń kọjá á béèrè pé, "Bàbá Tọ́pẹ́, jíìpù ńkọ́?" Bàbá á ní, "Ó kù díẹ̀." Oṣù ń gorí oṣù, ó kù díẹ̀ náà ni, títí gbogbo Ìkọ̀yà fi sọ mọ́tò náà ní Ókùdíẹ̀.

Èmi ní tèmi ti ń wà á. Mo dojú korobá dé sí ibi tí ìjókòó yóò wà, mo ń fi ẹnu pariwo ẹ́ńjìnì títí itọ́ fi ń dà sí mi láyà. Ní ilé ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín àyè. Ẹni tó bá fún mi ní ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀, iwájú ni yóò jókòó. Ẹni tó bá bá mi gé koríko tí wọ́n pín fún mi, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ìsinmi fi máa dé, gbogbo kíláàsì ló ti ní àyè níwájú. Mo tún wá fún tíṣà wa náà ní tirẹ̀. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà, mo ti fi àyè yín sílẹ̀." Ó ní kí n na ọwọ́, ó sì fi pàṣán dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ara ẹ̀yìn jíìpù ló wá kù. Iye tí wẹ́dà pè ju agbára Bàbá lọ, ló bá lọ bá Bàbá Timi. Ará Àrógbò létí omi ni Bàbá Timi, ó ti ń gbé lọ́dọ̀ wa ó pẹ́, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló sì ń kàn láti kékeré rẹ̀. Epo ló gbà fún iṣẹ́ náà. Ó fi okùn wọn irin, ó la pákó, ó fi iná tẹ̀ ẹ́, ó ki òwú bọ gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé, ó wá fi ọ̀dà kùn ún. Ó gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é létí omi. Nígbà tó parí, ó rọ omi kún inú rẹ̀, ó ní kí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ilẹ̀ mọ́, omi kò dín. Bàbá Timi lu àyà, ó ní, "Ẹ wò ó, ìkán kan kò jò!" Bàbá mi dì mọ́ ọn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, mẹkáníìkì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí béèrè nínú wa pé kí ni mọ́tò fẹ́ fi omi ṣe.

Wòlíì ìjọ wa wá gbàdúrà sí i, ó wọ́n omi àdúrà yí i ká. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà wọnú rẹ̀, òun náà ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ bíréèkì.

Òjò bẹ̀rẹ̀, a sì lọ kó ẹyìn. Odò ò tíì kún, a kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, Ìyá mi jókòó sẹ́yìn lórí ìdì ẹyìn, ó fi ìborùn bojú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun. Èmi dúró gbọin níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Òjò ńlá dé bá wa lọ́nà. Bí a ṣe wọ ìlú, àwọn èèyàn ń sáré jáde sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń nawọ́. Mo ní ayé mi ti dára nìyẹn. Mo juwọ́ sí wọn, mo tún tẹrí ba díẹ̀ bí ọba. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń nawọ́ sí o! Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìyá mi nínú omi dé ìdodo, ẹyọ ẹyìn ń léfòó yí i ká.

Bàbá dúró. Ìyá mi ní, "Bàbá Tọ́pẹ́, ṣé ẹ fẹ́ máa sìn mí bí ẹja ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé agbọ̀n karí, ó forí lé oko. Bàbá mi jókòó sínú jíìpù, kò jẹun. Ó dùn mí wọra. Kí n má parọ́ fún yín, ohun tí wọn yóò fi mí ṣe ní ilé ìwé ló kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tí mo rí Ìyá mi tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, tó ń fi ọwọ́ kan ti ìbàdí, ni èyí tó yẹ kó dùn mí tó dùn mí.

Bàbá yá irin ìlu pákó lọ́dọ̀ káfíńtà, ó sì dá ihò sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn jíìpù náà káàkiri. Ó bẹ Ìyá mi títí ó fi gbà. A tún gbéra. Odò wá ti kún. Bí a ṣe dé àárín rẹ̀, omi gba inú ihò wọlé, ó ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ sókè lábẹ́ ìdí Ìyá mi gan-an. Ẹ́ńjìnì kú. Mo dijú, mo ń retí èébú. Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. "Lọ́jọ́sí, tòkè ni. Òní, tìsàlẹ̀! Ẹ ṣáà ti pinnu láti wẹ̀ mí." Bàbá mi tó dúró nínú odò dé itan náà bú sẹ́rìn-ín, ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn ti pẹ́.

Nígbà tí Bàbá Timi rí ihò lára iṣẹ́ rẹ̀, ó bínú burúkú burúkú. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, ẹnì kan ò fi irin kan iṣẹ́ òun rí. Ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó padà, ó ti gbẹ́ èdídí igi fún ihò kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ wé e lórí. Ó ní tójò bá ń rọ̀, kí a yọ ọ́. Tí a bá dé odò, kí a fi dí i. Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú èdídí. Bí ẹni tó fẹ́ di dírẹ́bà ṣe di Ọ̀gá Èdídí nìyẹn, orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní ilé ìwé nìyẹn títí mo fi jáde, àwọn kan sì ní kí n dá ẹran àwọn padà.

Ṣùgbọ́n Ókùdíẹ̀ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí èdídí ti dé, orí Ìyá mi kò ru ẹyìn mọ́ ní òjò yẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbá àgbàlá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ó sì nàró láìfọwọ́ kan ògiri. Bàbá mi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó yí padà lọ sẹ́yìn ilé, mo sì rí i tó ń fi etí aṣọ nu ojú.

Òkìtìpupa ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, èmi náà sì ti ra jíìpù àlòkù. Ọmọ bàbá mi ṣáà ni mí! Mo ti fi owó oṣù mi gbé táyà ńlá sí i, tó ga débi pé àpótí ni mo fi ń gùn ún. Mo to iná sórí rẹ̀. Títì ọlọ́dà ló wà láti ilé mi dé ọ́fíìsì, ẹrẹ̀ kan ò sí níbẹ̀. Kì í kó ẹrù, torí n kò fẹ́ kí ẹja rùn nínú rẹ̀, ọ̀kadà ni ìyàwó mi ń gùn lọ sọ́jà.

Ìyá mi wá kí wa láìpẹ́ yìí. Ó ti dàgbà gan-an. Ó rìn yí jíìpù náà ká, ó fọwọ́ kan táyà, ó wò mí.

"Tọ́pẹ́, ta ni ìbàdí ń dùn nínú ilé rẹ?"

Mo ní, "Kò sí o, Màmá."

"Ta wá lò ń ṣe é fún?"

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀kadà dúró lẹ́nu géètì. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àpò gààrí lórí, Ìyá mi sì lọ bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Èmi dúró ti jíìpù mi, mo mú aṣọ ìnumọ́tò dání. Ọmọkùnrin tó ń fọ́nnu káàkiri Ìkọ̀yà nígbà yẹn sàn jù mí lọ. Jíìpù tó ń tìtorí rẹ̀ fọ́nnu, ó kéré tán, ìyá rẹ̀ ló ń gbé.