Ọ̀rá Lábẹ́ Ẹran

Ẹ má tan ara yín jẹ: àgbàlagbà ń jowú, tiwọn a sì máa korò ju tàwọn ọmọdé lọ. Alápatà tí mò ń wí yìí ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, síbẹ̀ kò lè fojú kan oníbúrẹ́dì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì kí inú rẹ̀ má ru.

Láràárọ̀ ni oníbúrẹ́dì yìí, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ń wá bá alápatà àti ìyàwó rẹ̀ gbé ààbọ̀ màlúù kọ́ sórí ìkọ́. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì o! Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ alápatà ti di tín-ín-rín, ikùn rẹ̀ sì ti yọ síwájú débi pé kò rí bàtà ara rẹ̀ mọ́. Tó bá ti gbé ẹran, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ a wá bu omi tútù fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nínú ife alápatà! Wọn a sì jọ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kí nìyẹn láago méje àárọ̀? Ẹ̀rù ń ba alápatà: ẹni tó gba iṣẹ́ ìkọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ yìí, kò ní pẹ́ gba ìyàwó.

Lọ́jọ́ tí alápatà fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ìyàwó fà á lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fi tépù wọn ikùn rẹ̀, ó ní kó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣe, ó ń mí gúlegúle.

"Bàbá, ẹran ti ń tán lára yín."

"Lára ta ni? Èmi alápatà?" Ó gbá ikùn rẹ̀ pàá. "Kí lẹ wá ń pe èyí?"

"Ọ̀rá ni, sà. Ẹran kọ́. Ọ̀rá ló bo àìlókun yín mọ́lẹ̀. Ẹ máa jókòó, kí ẹ máa dìde, lójoojúmọ́. Okun á máa padà díẹ̀díẹ̀."

Ogójì ọdún ni alápatà fi ń to ẹran pupa sórí ọ̀rá kí oníbàárà má baà rí i. Ara tirẹ̀ wá fi irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ tan òun náà jẹ!

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí àga ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó káwọ́ sáyà. Bó ti fẹ́ dìde ló gbọ́ ẹ̀rín wọn. Òní lòun máa mú wọn! Ó tẹ́tí.

"Ọjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ wá sílé wa," ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, "ààbọ̀ màlúù wà léjìká rẹ̀. Ó gbàgbé láti sọ ọ́ kalẹ̀! Bàbá mi ń bá a sọ̀rọ̀, ẹran ń bẹ léjìká. Tí ẹ bá ti gbé ẹran yìí báyìí, òun ni mo máa ń rántí."

"Ẹ sọ ọ́ lánàá," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fèsì. "Ẹ tún sọ ọ́ níjẹta."

Owú náà kò kúrò o. Ó kàn fi oníbúrẹ́dì sílẹ̀ ni, ó kọjú sí ọ̀dọ́kùnrin tó gbé màlúù léjìká, tó ń gba ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ láràárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ nìyẹn, kò sì lè bá a dọ́gba mọ́ láéláé.

Ó payín keke, ó dìde. "Ení." Itan rẹ̀ ń gbọ̀n. "Èjì." Ó jókòó, ó mí, ó tún dìde.

"Ẹ̀ta!" Ó pariwo rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n lè gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù.