Ewé Pupa Lẹ́yìn Ògiri

Èéfín ni mo fi máa ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé nínú ẹ́sítéètì tí mo gbé nígbà kan lẹ́yìn Ajah. Kì í ṣe èéfín igi ìdáná o, èéfín ọ̀rá àti táyà ni. Tó bá ti di Sátidé ìmọ́tótó, àwọn ẹni ńlá àdúgbò wa á gbá ìdọ̀tí wọn jọ, wọ́n á dà á sẹ́yìn ògiri, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á sì padà wọlé lọ tan ẹ̀rọ amúlétutù. Iná á wá máa rìn wọnú igbó àbàtà tó wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí èéfín bá padà wá bá wọn ní pálọ̀, wọ́n á ní àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ló dáná sungbó.

Iṣẹ́ mi gan-an ni kí n máa wo igbó láti òkè. Ọ́fíìsì kan ní Lẹ́kkí Phase 1 ni mo wà, níbi tí a ti ń fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà mọ ibi tí ewé ti ń yè dáadáa àti ibi tí iná ti jó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè dókítà ni, orí mi sì wú débi pé tí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Mísítà, màá rọra tún un ṣe fún un. Mo gbà nígbà yẹn pé ohun tí sátẹ́láìtì bá ti rí, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Mi ò tíì mọ àwọn aládùúgbò mi.

Alága ẹ́sítéètì wa, ọ̀gá báńkì kan tó ti fẹ̀yìn tì, wá pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n lè lé àwọn obìnrin náà kúrò. Ìyá tó dàgbà jù nínú wọn, ẹni tí mo máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá mi nílé.

"Dókítà, wọ́n ní ẹ máa ń rí iná láti òkè. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ fún wọn. A ò ní ilé míì."

Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, ewé tó ń yè máa ń dá irú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kan tí ojú èèyàn kò lè rí padà. Àwọ̀ pupa la fi máa ń kùn ún lórí àwòrán. Bí ewé bá ṣe tutù tó ló ṣe máa pupa tó, ibi tí iná bá sì ti jó á dúdú. Nígbà tí mo gbé àwòrán náà sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní gbọ̀ngàn ìpàdé, dúdú bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri wa, ó wọnú igbó lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin náà pupa fòò, torí iná kò débẹ̀ rí.

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí alága fi dìde. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará wa. Gbogbo ọ̀dọ̀ wọn ló ń jó yẹn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Rárá, sà. Pupa yẹn kì í ṣe iná, ewé tútù ni."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí tó jẹ́ akọ̀wé wa bi mí pé, "Dókítà, níbo lẹ ti rí ewé tútù tó pupa?"

Mo tún un ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀, mo sì nàka sí dúdú ẹ̀yìn ògiri. Alága ní òjìji ògiri nìyẹn. Òjìji ògiri ló wọnú igbó lọ tó bẹ́ẹ̀! Àwọn èèyàn wọ̀nyí kan náà, tí wọ́n bá fi àwòrán egungun wọn hàn wọ́n ní ọsibítù, wọn kì í béèrè ibi tí ẹran ara wọn gbà lọ.

Wọ́n fi àwòrán mi há mọ́ lẹ́tà wọn. Mo kọ lẹ́tà tèmi náà, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, katapílà ti dé etí ọ̀sà, ó wó ilé àwọn obìnrin náà. Nígbà tí ọyẹ́ padà dé, iná tún sọ lẹ́yìn ògiri wa, ní ojú ibi tó ti máa ń sọ. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí Wáàsáàpù wọn, mo sì kun ewé ní àwọ̀ ewé bí ẹni ń kọ́ ọmọ jéléósinmi. Alága fèsì pé àwọn obìnrin yẹn ti ń yọ́ padà wá, ká gba ọlọ́dẹ kún ọlọ́dẹ.

Mo kó kúrò láàárín wọn lọ́dún náà. Láìpẹ́ yìí ni mo pàdé ìyá yẹn ní Ajah, wọ́n ń ta ẹja inú fíríìjì. Wọ́n ní ibi tí àwọn ń gbé báyìí jìnnà sómi, kò sì sáyè láti yan ẹja. Wọ́n wá bi mí bóyá iná yẹn ti kú.

"Kò kú, mà."

"Ta wá ni wọ́n ń bú báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Wọ́n ń bá ẹja tí wọ́n ń dì fún mi lọ, wọ́n sì fi ọ̀kan lé e. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo ilẹ̀ tó jóná láti òkè, tí mo ń jẹun nídìí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo ojú ìyá náà.