Cordell Tó Jáde Tí Kò Ríbi Wọ̀

Ọjọ́ Sátidé ni Cordell Lastrapes sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga òun. Mo wà níbẹ̀. Ilé èmi àti Verlene ìyá rẹ̀ fara kanra, bó bá sì ti se ọbẹ̀ gọ́mbò, kì í jẹ́ kí n dáná. Alcide, ẹ̀gbọ́n Verlene, jókòó sídìí tábìlì, ó na orúnkún rẹ̀ tí kò ká dáadáa mọ́ sórí àga kejì.

"Kúrò báwo?" ni Verlene bi í. "Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Wọn ò lé mi o, Mọ́mì. Èmi ni mo ní mo fẹ́ lọ. Mo ti forúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì fẹ́ lọ síbòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sí kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá káàkiri lè rí i. Láyé ìgbà kan, ẹni tó bá kúrò yóò jókòó lásán fún odidi ọdún kó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Ní báyìí, ó lè jáde lónìí kó wọlé lọ́la, bó bá ṣáà ti rẹ́ni gbà á.

Kì í ṣe pé Cordell ò dára. Bọ́ọ̀lù tiwa, ọwọ́ là ń fi mú un, àmọ́ Cordell kì í fọwọ́ kàn án rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró bí ògiri níwájú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kí àwọn òmìrán ẹgbẹ́ kejì má baà wó onítọ̀hún mọ́lẹ̀. Ọmọ náà ga, ó fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá. Alcide ló kọ́ ọ nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa yìí, torí bàbá rẹ̀ ti kú sórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, kí ọmọ náà tó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Alcide gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ta ló pè ọ́?"

"Kóòṣì Strack, ní Texas. Ó ní ààyè mi wà nílẹ̀. Wọ́n á tún máa fún mi lówó."

"Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ?"

"Wọn ò lè kọ nǹkan kan kéèyàn tó jáde, Bàbá. Òfin ò gbà á."

"Ẹ gbọ́ o! O ti fò sílẹ̀ láti orí òrùlé, o wá ń wá ẹni tó máa gbé àkàbà wá."

Ojú Cordell le. "Ó sàn ju kí wọ́n tà mí bí ẹran lọ. Èmi ò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Alcide. Ó ti fi bọ́ọ̀lù jẹun rí. Ẹgbẹ́ ìlú olótùútù kan ló mú un, wọn ò bi í bóyá ó fẹ́. Nígbà tó fẹ́ kúrò, wọ́n ní àdéhùn kò tíì pé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó kúrò, ó ń jẹ oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n pè é pé wọ́n ti fi òun pààrọ̀ ẹlòmíràn, kó máa lọ sí ìlú mìíràn.

"Òótọ́ lo sọ," ni ó wí. "Wọ́n tà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún yìí fọ́, ẹni tó rà mí ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi gbé mi dìde, torí ó wà nínú ìwé. Bí tìrẹ bá fọ́ lọ́la, ta lo máa pè?"

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákẹ́ kí ẹ jẹun," ni Verlene wí. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ò jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, káàdì Cordell ò ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń gbé irin mọ́. Wọ́n ti kó bàtà rẹ̀ àti gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú nílọ́ọ̀nù dúdú tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, wọ́n gbé e sẹ́nu géètì. Ó fi í ṣe ẹ̀rín fún wa. Ó ní bí àwọn ará Texas bá rí òun, àwọn tibí á fi ìka àbámọ̀ bọnu.

Kò pẹ́ ni ìròyìn jáde pé wọ́n ti lé ọ̀gá tí Strack ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tuntun tó wọlé kó àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá àti agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ wá láti ibi tó ti ń bọ̀. Cordell pe Strack títí, kò gbé e. Ìgbà tó yá ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀: "Àbúrò, gbàdúrà fún mi. Èmi náà ń wáṣẹ́."

Ìgbà yẹn ni ìdààmú bẹ̀rẹ̀ ní ti gidi. Ẹ̀kọ́ sáà tuntun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Cordell ò sì sí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ló ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ń fi fídíò bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síbi gbogbo, títí dé ibi tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Àwọn kan ní àwọn ti kún. Àwọn kan ò dáhùn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àwọn tó jáde pọ̀, àwọn tó rọ́nà wọlé kò tó bẹ́ẹ̀.

Verlene ní kí n fi mọ́tò gbé òun àti Cordell lọ bá Renfro, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ àtijọ́. Obìnrin tí mi ò gbọ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni rí, ó di apá aṣọ ọkùnrin náà mú nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà á padà. Ọmọdé ló ń ṣe é."

"Màmá, mi ò lé ọmọ yín. Òun ló lọ. Ọmọkùnrin kan láti Georgia ti wà ní ààyè rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó máa gbé omi fún wọn nígbà náà. Ẹ ṣáà jẹ́ kó parí ìwé rẹ̀!"

Renfro wo ògiri. Èmi náà wò ó, mo sì rí i pé ìṣó nìkan ló kù lára rẹ̀. Àwọn fọ́tò ti wà nínú páálí nílẹ̀. Cordell ti rí i ṣáájú mi.

"Kóòṣì," ni ó wí, "ṣé ẹ̀yin náà ń lọ ni?"

Renfro fọwọ́ pa ọrùn rẹ̀. "Wọn ò tíì kéde ẹ̀."

"Àdéhùn tí ẹ ṣe ńkọ́? Iwájú gbogbo wa lẹ ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ní ibí lẹ máa wà títí a ó fi parí."

"Ibi tí mò ń lọ ló máa san owó ìtanràn àdéhùn tí mo tú."

Cordell rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́. "Wọ́n á jẹun, wọ́n á mu, wọ́n á ṣe ó-dàbọ̀ fún yín. Èmi, nílọ́ọ̀nù ìdọ̀tí ni wọ́n kó bàtà mi sí."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Renfro wí.

Nínú ọkọ̀, ọmọ náà gbé orí lé ẹ̀yìn àga iwájú, ó ń sunkún. Bó ṣe tóbi tó, gbogbo mọ́tò ń mì. Verlene ò bojú wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di etí rẹ̀ mú bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni.

Sáà bẹ̀rẹ̀ láìsí i níbẹ̀. Kì í jáde ní yàrá mọ́, kì í fá irùngbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Verlene gbé ìbọn ọdẹ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wá bá mi, ó fi aṣọ ìnura dì í.

"Odile, bá mi fi pamọ́. Má bi mí ní nǹkan kan."

Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn mi.

Ìgbà tí òtútù ń dínkù ni ẹgbẹ́ kékeré kan pè é láti South Dakota, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ni wọ́n, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ò yó ni. Wọ́n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Alcide jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kà á síta fún gbogbo wa. Wọ́n lè lé e nígbà tó bá wù wọ́n láìsọ ìdí, ṣùgbọ́n òun ò gbọdọ̀ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn títí ọdún bọ́ọ̀lù á fi parí. Bó bá sì ti lè tọwọ́ bọ̀ ọ́, bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ ti parí fún un nìyẹn.

"Ó ku ọdún kan péré kí o gbàwé ẹ̀rí!" ni Verlene kígbe.

"Mọ́mì, kò sẹ́lòmíì tó pè mí."

Alcide tó ti ń fi ìwé àdéhùn yangàn látọjọ́ yìí wá ń bẹ̀ ẹ́. "Má ṣe é, Cordell. Ìwé yìí ò dà bíi tèmi. Tèmi so èmi, ó so àwọn náà. Ìwọ nìkan ni èyí so."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kéèyàn ní ìwé lọ́wọ́?"

Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ lórí ọ̀pá tó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká níbẹ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ. Fún ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ lórí fóònù tún dà bí ohùn tá a mọ̀. Ó ń bú àwọn ará ibẹ̀ pé wọn ò mọ ìrẹsì sè.

Ní oṣù Karùn-ún, ẹnìkan wó lé e lẹ́sẹ̀, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Orí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti rí i lórí fóònù pé wọn ò nílò òun mọ́, kí òun kó ẹrù òun kúrò nílé tí wọ́n fi òun sí. Èmi àti Alcide la wakọ̀ lọ gbé e. Bá a ṣe ń lọ, ẹ̀rù ń bà mí pé Alcide á sọ pé, "Ṣé mo wí?" Kò sọ ọ́. Nígbà tá a dé, tó rí ọmọ náà létí ibùsùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídì, tí ẹsẹ̀ kejì sì wà ní ìhòòhò, ó fi orúnkún burúkú yẹn kúnlẹ̀, ó ń kérora, ó wọ bàtà fún un, ó so okùn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ṣúgà ni Cordell wà báyìí, ó ń wọn ìrèké tí ọkọ̀ bá kó wá. Ó ń tiro díẹ̀, òtútù sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Strack ti ríṣẹ́ síbòmíràn. Renfro, a máa ń rí i lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Sátidé. Verlene á dìde, á pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní ó lè padà wá parí ìwé rẹ̀, bó bá lè dá owó rẹ̀ san. Verlene máa ń bi í léèrè bóyá ó máa lọ. Ó ní òun ń rò ó. Ohun tó ti ń sọ láti ọdún tó kọjá nìyẹn, Verlene ò sì tíì yéé bi í.