Ìkùukùu Lójú Màríà

Mo fi eyín mẹ́fà tó kù lẹ́nu mi búra: gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ló ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe. Bí mo bá purọ́, kí n má fi wọ́n jẹ ẹran mọ́.

Motọ́lání ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ni, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́ ní Yaba. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní Ìpọ̀nrí, àwọn nísàlẹ̀, èmi lókè. Ẹ̀rù tètè máa ń bà á. Tó bá fẹ́ sọdá títì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún padà wo ọ̀tún; ọkọ̀ tí kò tíì kúrò ní Jíbówú ló ń dúró dè. Bàbá rẹ̀, Christopher, ló ń ya àwòrán àwọn ẹni mímọ́ sórí pákó fún àwọn ìjọ Àgùdà. Ogójì ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ti Motọ́lání kò ju kó fi sáńpépà ha pákó, kó sì fọ búrọ́ọ̀ṣì. Bàbá kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan ojú ẹni mímọ́ kankan.

Àmọ́ ojú Christopher fúnra rẹ̀ ń lọ. Dókítà ní kí ọdún tó parí, ó lè má ríran mọ́ rárá. Ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù ló fi ya èyí tó kẹ́yìn: Màríà gbé ọmọ lé apá. Oṣù mẹ́jọ ló fi yà á, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò ní lè ya òmíràn. Ó ku fánííṣì tí wọ́n á fi bò ó, ọwọ́ Christopher sì ti ń gbọ̀n.

"Ìwọ lo máa fi fánííṣì kùn ún," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíì."

"Ta ni?"

Motọ́lání lọ mú búrọ́ọ̀ṣì.

Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì. Fánííṣì kan ń dán bíi dígí, ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ jinlẹ̀. Èkejì kì í dán. Motọ́lání fi méjèèjì pa pákó àlòkù kan, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Èyí tó ń dán ni mo rí dáadáa. Èkejì dúdú lójú mi."

"Ṣé ká lo èyí tó ń dán nìyẹn?"

"Rárá. Wọ́n máa gbé e kọ́ síbi tó ti máa dojú kọ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ń dán, ẹni tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ á kàn rí fèrèsé nínú rẹ̀ ni, kò ní rí Màríà. Èmi kọ́ ni mo máa kúnlẹ̀ síbẹ̀. Lo èyí tí kì í dán."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ yẹn, àwọn ará ìjọ sì ń bọ̀ wá gbé e ní Àbámẹ́ta. Òjò ti ń rọ̀ láti òwúrọ̀. Bàbá kìlọ̀ pé eruku ni ọ̀tá. Ẹyọ kan tó bá bà lé fánííṣì tútù, ibẹ̀ ló máa kú sí. Motọ́lání ti gbogbo fèrèsé pa. Ó wá ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, tí gbogbo wa máa ń ṣe ká tó gbálẹ̀: ó bu omi, ó wọ́n ọn káàkiri yàrá kí eruku má baà gbéra. Kò sọ fún bàbá rẹ̀. Ta ló ń sọ irú ìyẹn?

Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ fánííṣì, ó ń fà á láti òkè wá sísàlẹ̀, kò padà síbi tó ti fà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ojú Màríà, ó di èémí mú. Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà náà di tèmi mú; ní ọjọ́ orí mi, ìyẹn kì í ṣe eré.

Wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó wọlé lọ wò ó. Mo gbọ́ tó ń pè mí, "Bàbá Àgbà, ẹ wá." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ìkùukùu funfun ti bo ojú Màríà. Ó bo ọmọ, ó bo ọwọ́ tó gbé ọmọ, bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ òkú bò.

"Àbí bí èyí tí kì í dán ṣe máa ń rí nìyí?"

"Rárá. Ẹ wo pákó tá a fi dán an wò." Pákó yẹn mọ́ kedere. "Bàbá Àgbà, mo ti ba iṣẹ́ Dádì jẹ́."

Christopher pè láti pálọ̀: "Tọ́lání, báwo ló ṣe rí?"

Ó wò mí. Mo fojú sọ fún un pé kó purọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

"Ó ń gbẹ, Dádì."

"Jẹ́ kí n wò ó."

A gbọ́ ọ tó ń fọwọ́ wá ògiri bọ̀. Ẹsẹ̀ kan, ó dúró. Ẹsẹ̀ kejì, ó dúró. Christopher wọlé, ó gbé imú sún mọ́ àwòrán náà. Nígbà tó yá, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé tí ilẹ̀ tutù?"

Motọ́lání fi ẹkún ṣàlàyé.

"Ọ̀rinrin ló wọ inú fánííṣì," bàbá ní. "Ó lè lọ, ó lè má lọ. Nu ilẹ̀, ṣí fèrèsé. Tó bá di ọ̀la tí òórùn fánííṣì ti lọ tán, ká wá ooru díẹ̀ fún un. Má gbé iná wá o. Fánííṣì àti iná kì í bára ṣeré."

Ooru wo, nínú òjò? Ibẹ̀ ni mo ti rántí Rùkáyàt, tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Nígbà tó di àárọ̀ Ẹtì, ó tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó gbé dírayà tó fi ń gbẹ irun wọlé.

"Àǹtí Tọ́lání, mi ò gbẹ irun ẹni mímọ́ rí o. Ṣé kò ní bínú sí Mùsùlùmí?"

"Gbé e jìnnà," Christopher ní. "Jìnnà sí i. Má dúró lójú kan."

"Bàbá, àwọn kọ́sítọ́mà mi kì í pàṣẹ tó báyìí."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú márùn-ún, funfun. Mẹ́wàá, funfun. Motọ́lání di ọrùn ọwọ́ mi mú títí ó fi ń ro mí. Nígbà tó yá, búlúù kan yọ létí ìborùn Màríà, kò ju èékánná lọ. Iwájú orí tẹ̀ lé e. Bí ẹyinjú ṣe yọ báyìí, òjò ìta dá lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e.

"Ṣé ojú rẹ̀ ti jáde?" Christopher béèrè.

"Ó ti jáde, Dádì."

"Òótọ́ ni, àbí èyí tí Bàbá Àgbà kọ́ ẹ?"

"Ẹ wá wò ó."

Ó gbé imú sún mọ́ ọn, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ó dúdú lójú mi," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo rí i. Ó ń wò mí."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Òjò nìkan ni kò dá. Ó rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo dá a dúró nínú ìtàn, nítorí ó yẹ kó dá. Tí eyín kan bá tìtorí ìyẹn yọ, márùn-ún ṣì kù.