Bátìrì Tí Mo Ń Tọ́jú De Aago Mẹ́rin

Ahun ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì wa ní Adó, kì í sì í ṣe torí owó. Bátìrì fóònù ni mo ń ṣahun sí. Màá pa dátà, màá pa Wáìfáì, màá dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù débi pé mo ní láti ṣẹ́jú kí n tó ríran. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Mo mọ ohun tí mo ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Màmá mi ń gbé Ìjan. Láti ìgbà tí tiransífọ́mà àdúgbò wọn ti bàjẹ́, ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí kan tó ní jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti ń ṣáájì fóònù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. A bá jọ ṣàdéhùn pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n á máa tàn án. Wọ́n á pè mí, wọ́n á fi èdè Èkìtì béèrè ulé, wọ́n á béèrè uṣẹ́, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì pa á padà. Bí mo bá pàdánù aago mẹ́rin, ó dọ̀la nìyẹn.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí tábìlì èmi àti òun kọjú síra. Ìjọ kan náà là ń lọ. Ó bẹ̀ mí nígbà kan pé kí n tan họ́sípọ́ọ̀tù, kí òun lè máa lo dátà mi. Mo ní rárá o, nǹkan yẹn ń jẹ bátìrì bí ikán ṣe ń jẹ igi. Kò bínú. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀gá wa kì í fẹ́ rí fóònù ní ìpàdé, tí òun kì í sì í bá wa wọ ìpàdé, mo fún un ní nọ́ńbà tí mo fi ń ṣí tèmi, kó lè bá mi bá màmá mi sọ̀rọ̀ bí aago mẹ́rin bá lù tí mi ò tíì jáde. Torí màmá mi nìkan ni mo ṣe fún un.

Kò pẹ́ tí bátìrì mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wèrè. Màá fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, kí n tó dé, á ti gbóná, á ti fẹ́ẹ̀ kú. Mo ra bátìrì tuntun, pàbó ló já sí. Dátà ń tán, mo ní àwọn onínẹ́tíwọ̀kì ló ń jalè, ọ̀rẹ́ mi sì bá mi bú wọn dáadáa. Ó tiẹ̀ gbọ́wọ́ lé fóònù náà, ó gbàdúrà fún un, èmi òmùgọ̀ sì ń ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìpàdé fà kọjá aago mẹ́rin ààbọ̀. Nígbà tí mo sáré jáde, fóònù mi ti kú fin-ín, ó sì ń gbóná. Iná ò sí. Ọ̀rẹ́ mi ní ó dédé kú ni, ó ní pẹ̀lẹ́. Mo fi tirẹ̀ pe màmá mi, wọ́n ti pa tiwọn. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣáájì ni mo rí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn onínẹ́tíwọ̀kì pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pè mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni aládùúgbò wọn pè. Màmá mi ti ṣubú, ẹnu wọn ti wọ́, apá ọ̀tún ò ṣeé gbé. Aládùúgbò náà ní láti ọ̀sán àná ni wọ́n ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn fẹ́ bá mi sọ, àwọn ń dúró de aago mẹ́rin. Látọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó yé èèyàn tó tún ti ẹnu wọn jáde.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rẹ́ mi gbé búrẹ́dì wá kí wa ní Ìjan. Ó jókòó tì mí, ó sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi àwòrán ìwé oògùn ránṣẹ́ sí dókítà, dátà rẹ̀ ti tán, mo bá tan họ́sípọ́ọ̀tù fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì tẹ nǹkan kan tí fóònù mi fi ní ẹnìkan ti wọlé. Mo wo orúkọ fóònù náà. Ti ọ̀rẹ́ mi ni. Fóònù kì í dá wọ ibi tí kò wọ̀ rí. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

“Ṣé ìwọ ni?” Mo na ojú fóònù náà sí i.

Ó wolẹ̀. “Dátà lásán ni mo lò. Mi ò fọwọ́ kan bátìrì rẹ.”

Mo ní kó máa lọ. Àwọn ará ìjọ wa ní kí n dárí jì í. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní mo ti ṣe é.

Mo ti mú màmá mi wá sọ́dọ̀ mi ní Adó báyìí. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, wọ́n á fi ọwọ́ òsì wá fóònù wọn, wọ́n á tàn án, wọ́n á pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Màá gbé e. Màá ní, “Ẹ sọ ọ́, màmá mi, mo ń gbọ́.”