Ibùsùn Tí Wọ́n Fún Mi ní Iléṣà

Mo kéré nígbà náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò kéré débi tí n óò fi gbàgbé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, bàbá mi sì ní Iléṣà ni n óò ti lọ sí ilé-ìwé girama, inú ọgbà ilé-ìwé náà ni n óò sì máa gbé. Ó tó bí ọdún kejì tàbí ọdún kẹta lẹ́yìn 1990.

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ránṣọ, ìyá mi ń pa aṣọ láró. Nínú agbo ilé tiwa, ọmọ kì í dá sùn, kì í sì í dá jẹun. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ ní yàrá kan, ìyá àgbà á ti yàrá kejì béèrè pé ta nìyẹn, ṣé ó ti lo nǹkan sí i. Ibi tí wọ́n ti dá ikọ́ mi mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ni mo ti kúrò, tí mo lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ mi.

Bàbá mi gbé àpótí páànù mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ibùsùn àwọn obìnrin, ó ṣe àdúà fún mi, ó lọ. Mátírọ́ọ̀nù tó ń ṣàkóso wa wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì nawọ́ sí ibùsùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Onípele méjì ni àwọn ibùsùn wa, irin ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ọmọbìnrin kan tó ti wà ní kíláàsì kejì ló ni ti òkè, tìsàlẹ̀ ni wọ́n fún mi. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn kan nínú yàrá náà ń sùn ní méjì méjì lórí ibùsùn ẹyọ kan, síbẹ̀ tìsàlẹ̀ yìí ṣófo, pẹ̀lú bí atẹ́gùn ibẹ̀ ṣe dára tó.

Mo bi ọmọ òkè náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sẹ́ni tó ń sùn síbí ni?"

Kò wo ojú mi. Ó ní, "Ìwọ lò ń sùn síbẹ̀ báyìí."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú ọgbà ilé-ìwé rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún ọmọ tuntun. Ẹ mọ jíjí kí àkùkọ tó kọ, omi tútù, àwọn ọmọ ńlá tí wọn á máa rán ọ kiri, gàrí tí o fi pamọ́ tí ẹlòmíràn ti bá ọ mu tán. Gbogbo ìyẹn kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé bí àwọn ọmọ yòókù bá ń kọjá, wọ́n á rìn jìnnà sí ibùsùn mi. Bí irin rẹ̀ bá dún, gbogbo wọn á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wo ibẹ̀, wọ́n á sì padà sẹ́nu ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Ọ̀sán ló burú jù. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á lu agogo ìsinmi, gbogbo wa á dùbúlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Oòrùn á mú, páànù òrùlé á máa ta pà, pà. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹni tó ń mí nítòsí mi. Mímí kúkúrú ni, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Mo máa ń di imú àti ẹnu mi kí n lè mọ̀ bóyá èmi ni. Tèmi á dákẹ́. Èyí tó kù ò ní dákẹ́.

Ta ni n bá sọ fún? Mo bo aṣọ mọ́rí, mo ń ka gbogbo àdúà tí wọ́n kọ́ mi nílé kéú.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé tí àwọn òbí ń wá bẹ ọmọ wò, ẹnikẹ́ni ò wá sọ́dọ̀ mi. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò mi ni, kò tíì jáde ogójì. Mo jókòó sórí ibùsùn mi, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹlẹ́bí lábẹ́ igi níta. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan wọlé. Ó dàgbà ju ìyá mi lọ dáadáa. Kò wé gèlè, ó gbé abọ́ tí ó fi aṣọ dì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tó wà nínú yàrá rí i, wọ́n sì tú jáde wẹ́rẹ́, bí ẹyẹ tó rí òkò. Ọ̀dọ̀ mi tààrà ló wá.

Ó ní, "Ìwọ ni wọ́n fi síbí."

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ohùn Ìjẹ̀ṣà ló fi ń sọ̀rọ̀, ó ń pe ilé ní "ulé", kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yé mi. Ó jókòó tì mí, ó tú aṣọ náà. Iyán ló wà níbẹ̀, tó fi ewé wé, àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Ó gbóná díẹ̀ síbẹ̀. Ó ní kí n jẹun. Ebi ilé ń pa mí, mo sì ní "Bísímílà", mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ó ń wò mí. Ó ní, "Tèmi máa ń dijú ni kó tó jẹun."

Mo rò pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ọgbà náà ni. Nígbà tí mo jẹun tán, ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ń gbọ́ báyìí, bí o bá sọ̀rọ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Bó ṣe ń lọ, ó yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi orúkọ kan pè mí. Orúkọ náà kì í ṣe tèmi.

Ọmọ tó ń sùn lókè mi ló padà sọ ọ́ fún mi, lẹ́bàá kànga, ojú rẹ̀ wà nínú omi bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ obìnrin náà ló ń sùn síbi tí mo ń sùn sí, ní ọdún tó ṣáájú. Ọmọ tuntun lòun náà. Ó ń ṣàìsàn, ó sọ ọ́, mátírọ́ọ̀nù sì ní ó ń díbọ́n ni nítorí pé ó fẹ́ lọ sílé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá ló bọ́ sí. Wọ́n rán èèyàn sí Ìmẹ̀sí-Ilé lọ sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ti wọ mọ́tò ń bọ̀ ní Iléṣà. Ọ̀nà ni wọ́n ti kọjá ara wọn láìmọ̀. Obìnrin náà gbé oúnjẹ wọlé, ó bá ibùsùn lásán, wọ́n ti ká tìmùtìmù rẹ̀ kúrò.

Ọmọ òkè náà ní, "Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ àbẹ̀wò tí kì í wá."

Mo bì. Gbogbo iyán yẹn ni mo bì sílẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi wá lẹ́yìn náà, tó pọn àbúrò mi sẹ́yìn, mo rò ó fún un. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí obìnrin náà fi wọlé pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ìyá mi dìde, ó dúró sí àárín èmi àti ẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn o," ló wí. "Ẹ kú àmúmọ́ra. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi lèyí o. Tèmi ò kú."

Obìnrin náà ò bínú. Ó ní, "Mo rí i pé kò kú. Ohun tí mo ń wá wò nìyẹn."

Ìyá mi fà mí mọ́ra. Ẹ má dá a lẹ́bi. Abiyamọ tuntun ni, ó rò pé obìnrin náà fẹ́ fi mí pààrọ̀ ọmọ tirẹ̀ tó kú ni. Ó lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì pàṣẹ fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí obìnrin náà wọlé mọ́.

Ṣùgbọ́n kò yé wá. Bó bá kó iṣu wá sí ọjà Iléṣà, yóò wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní òdìkejì títì, yóò kọjú sí ọgbà. Mo máa ń rí i bí mo bá ru omi kọjá. Kì í juwọ́, kì í pè mí. Ní àkọ́kọ́, mo máa ń sáré. Nígbà tó yá, bí mi ò bá rí i lábẹ́ igi náà, ọkàn mi ò ní balẹ̀.

Ọyẹ́ dé, gbogbo òkè tó yí Iléṣà ká wọnú kùrukùru. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi níbi tí a tò sí kí a tó wọ kíláàsì. Mátírọ́ọ̀nù fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí. Ó ní, "Gbogbo ẹ̀yin ọmọ tuntun yìí, ilé ló ń ṣe yín. Lọ dùbúlẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, n ò lè gbé orí sókè, mò ń bi omi lásán. Ó tún ní n óò yé díbọ́n bí mo bá rí i pé kò sẹ́ni tó máa mú mi lọ sí Òṣogbo.

Agogo ìsinmi ọ̀sán lù. Yàrá dákẹ́. Mo tún gbọ́ mímí yẹn, kúkúrú, kíákíá. Mo fi agbára káká di imú àti ẹnu mi bí mo ṣe máa ń ṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dákẹ́. Èmi ni.

Ọmọ tó wà lókè mi náà gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó tún mọ mímí yẹn jù ú lọ, torí pé òkè ọmọ tó kú náà ló ń sùn ní ọdún tó kọjá, ó gbọ́ ọ, wọ́n sì ní kó panu mọ́. Ó fò sílẹ̀. Mo gbọ́ tí mátírọ́ọ̀nù pariwo lé e, kò dúró. Láìwọ bàtà ló sáré gba àárín ọgbà dé géètì, ó sì ń ké sí òdìkejì títì pé, "Mà, ẹ wá o! Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o!"

Mi ò mọ bí obìnrin náà ṣe kọjá ọlọ́dẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo rí i tó dúró lé mi lórí, mátírọ́ọ̀nù sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ibí. Ara ọmọ náà máa yá."

"Ohun tí o sọ fún tèmi nìyẹn. Èmi ò bá ọ jà. Yẹra."

Mátírọ́ọ̀nù yẹra. Obìnrin náà tú ìró rẹ̀ kan, ó fi pọ̀n mí. Ọlọ́kadà kan gbé wa. Erùpẹ̀ iṣu ń rùn lẹ́yìn rẹ̀, mo lẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ ọn, oorun ńlá kan sì ń fà mí. Ó ń pariwo pé kí n má sùn, kí n dá òun lóhùn. Orúkọ tí ó ń pè kì í ṣe tèmi. Ó pè é, ó tún un pè, ohùn rẹ̀ ti ń ha. Mo dáhùn. Mo ní, "Mà."

Ibà ni. Ó ti ń gun orí, dókítà ní ọwọ́ ló tètè bà á. Nígbà tí ìyá mi dé láti Òṣogbo, obìnrin náà ṣì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá mi kúnlẹ̀ tòun ti ọmọ tó pọ̀n, ó ń sunkún. Obìnrin náà gbé e dìde. Ó ní, "Ó dáhùn nígbà tí mo pè é." Ó gba ìró rẹ̀, ó ró o, ó lọ. Kò wá sábẹ́ igi yẹn mọ́.

Wọ́n gbé mátírọ́ọ̀nù kúrò. Èmi padà sórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, n ò sì gbọ́ mímí kankan mọ́. Ẹ má rò pé inú mi dùn sí i. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan tí a jọ ń gbé ti kó jáde láìdágbére.

Nígbà tí mo jáde ìwé girama, mo lọ wá obìnrin náà dé Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n júwe ilé rẹ̀ fún mi, mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Ó ti di arúgbó láìtọ́jọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni ọmọ tí ẹ pọ̀n lọ sí ọsibítù. Ó wò mí títí, bí ẹni ń wo àlejò.

Ó ní, "Ọmọ mi ò sí nílé. Ó wà nílé-ìwé ní Iléṣà. Àìsàn kan ṣe é níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo pọ̀n ọ́n lọ. Ara rẹ̀ ti yá."

Mo jókòó, mo bá a ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ara rẹ̀ ti yá."

Ayé ti yí padà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tiwa, bí òbí bá ti fi ọmọ sílẹ̀ sínú ọgbà, ó dìgbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò bá pé kó tó mọ̀ bóyá ọmọ náà jí. Lónìí, fóònù wà lọ́wọ́ olùkọ́, ó wà lọ́wọ́ òbí, ìròyìn kì í kọjá ẹni lójú ọ̀nà mọ́. Àbíkẹ́yìn mi náà wà nílé-ìwé báyìí, ó sì máa ń pè mí pé, "Mọ́mì, ara mi ò yá." Bàbá rẹ̀ á ní kí n fara balẹ̀, pé ọmọ tuntun ni, ibẹ̀ máa tó mọ́ ọn lára. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kó tó sọ ọ́ tán, mo ti wọ bàtà.